Ìlù Mọ Àmì Ohùn, Fóònù Wa Ò Mọ̀ Ọ́n

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ sọ́fítíwíà ṣe ìgbéyàwó n'Ìbàdàn. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ká ṣe é kó bá ìgbà mu. A kọ ètò kékeré kan: bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, yóò tẹ orúkọ rẹ̀ sórí fóònù kan tó wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì pe orúkọ náà jáde látinú sípíkà kí gbogbo èrò lè mọ ẹni tó dé. A ti dán an wò nílé, ó ṣiṣẹ́. Inú wa dùn.

Ìnáwó bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé tòun ti agbádá sányán. Ẹ̀rọ pe orúkọ wọn: "Ajani". Bó ṣe pè é ò jọ Yorùbá rárá, àfi bí ẹni ń ka orúkọ ìlú kan ní Ítálì. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Bàbá ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń pè. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ń lọ jókòó ní tiwọn.

Onídùndún kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ó bi ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé bàbá wá léèrè pé, "Kí ni oríkì wọn? Ọmọ ta sì ni wọ́n?" Ọmọ náà ní, "Àjàní ni, ọmọ Oníkòyí." Bàbá onílù gbé ìyáàlù há abíyá, ó fi kọ̀ǹgọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí bàbá tó ń lọ jókòó fi yíjú padà. Èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọwọ́ wọ àpò, náírà ń lẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ wa ní gbogbo lẹ́tà orúkọ bàbá yẹn, A, j, a, n, i, ọ̀kan ò sọnù. Ìlù ò ní lẹ́tà kankan. Síbẹ̀, ìlù ni bàbá gbọ́. Báwo ló ṣe jẹ́? Ká tó lè dáhùn, àfi ká padà sínú ìtàn bí àwọn onílù Yorùbá ṣe kọ́ igi àti awọ lọ́rọ̀ sísọ.

Igi, awọ àti ọ̀sán

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ìlù fúnra rẹ̀. Igi ọ̀mọ̀ tàbí igi apá ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ fún dùndún. Wọ́n á gbẹ́ ẹ kí inú rẹ̀ ṣófo, kí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, kí orí àti ìdí rẹ̀ sì fẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú méjèèjì, ọ̀sán tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi awọ ṣe ni wọ́n sì fi ń so ojú kan mọ́ èkejì.

Inú ọ̀sán yìí gan-an ni ọgbọ́n wà. Bí onílù bá fún ọ̀sán mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹwọ́, awọ á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: ti òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi dò, re, mí kọ́ wa. Ẹ fún ọ̀sán dáadáa, mí ló máa dún. Ẹ dì í mú díẹ̀, re ni. Ẹ fi sílẹ̀, dò ni. Bí onílù bá sì ń fún un nígbà tí ohùn ṣì ń dún lọ́wọ́, ohùn á yọ̀ láti ìsàlẹ̀ gòkè, bí ẹnu tiwa náà ṣe máa ń ṣe. Agogo ò lè ṣe ìyẹn. Dùùrù pàápàá, pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀, ò lè ṣe é.

Irú ìlù oníbàdí tín-ín-rín báyìí kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn Haúsá ní kàlàngú, àwọn ará Dagbon ní àríwá Gánà ní lunna, àwọn Wolof ní Senegal ní tama. Lọ́dọ̀ tiwa, odidi ẹbí ni dùndún. Ìyáàlù ni ìyá, òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n so ṣaworo mọ́ létí. Kẹríkẹrì wà níbẹ̀, ìṣáájú wà níbẹ̀, gángan àti kànàǹgó wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Gúdúgúdú ló yàtọ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ìda wà lójú rẹ̀, bílálà méjì ni wọ́n fi ń lù ú. Kì í yí ohùn padà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, agbo á tutù.

Iṣẹ́ ìdílé niṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ bí Àyánkúnlé, Àyántúndé tàbí Àyándélé, ẹ ti mọ̀ pé ilé onílù lẹni náà ti wá, nítorí Àyàngalú ni gbogbo wọn ń pè ní baba ńlá àwọn onílù. Kì í ṣe pé àwọn ìyókù ò lè kọ́ ọ o. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèsè Láoyè Kìíní, tó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù lù fúnra rẹ̀, ó sì kọ àlàyé lórí ìlù Yorùbá fún aráyé kà.

Ìṣòro Àjàní

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ yìí: ilé, owó, iṣẹ́, ayé, ọkọ́. Ẹ pè wọ́n lẹ́nu. Re, mí ni gbogbo wọn. Lórí ìlù, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọba, ọmọ, ẹran, ara: re, re ni. Ìlù ò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò lè pe "b" kó yàtọ̀ sí "m". Ohùn nìkan ló lè gbé.

Oríkì àbísọ wa tún wá dá kún un. Àjàní, Àlàbí, Àkànní, Àyìndé, Àrẹ̀mú, Àkàndé: dò, dò, mí ni gbogbo wọn. Àdùkẹ́ ńkọ́? Dò, dò, mí. Àbẹ̀kẹ́? Bákan náà. Bí onílù bá kàn lu dò, dò, mí lóde ìnáwó kó sì dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ogún èèyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tọkùnrin tobìnrin.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè bàbá onílù fi jẹ́ méjì. "Àjàní" nìkan ò tó o. Ó fẹ́ mọ orílẹ̀ bàbá náà, kó lè fi oríkì Oníkòyí, oríkì àwọn jagunjagun, tẹ̀ lé orúkọ. Oríkì orílẹ̀ gùn. Bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ ò jọ ti Ọlọ́fà, kò jọ ti Olúfẹ̀, kò jọ ti Òpómúléró. Ẹni tí wọ́n ti ń fi kì láti kékeré ò nílò lẹ́tà kankan níbẹ̀. Etí rẹ̀ ló máa fi lẹ́tà tó kù dí àlàfo.

Àwa tí a kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì mọ ohun tí à ń wò yìí, orúkọ ló yàtọ̀. Ní 1948, Claude Shannon, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ara ohun tó fi hàn ni pé bí ariwo bá wà lójú ọ̀nà, ẹ fi àfikún sínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹni tó ń gbà á lè fi èyí tó dé ọwọ́ rẹ̀ tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ọdún kejì, 1949, ni John Carrington, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Kóńgò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé àwọn onílù Kele kì í lu ọ̀rọ̀ kúkúrú lásán. Wọ́n á fà á gùn di gbólóhùn, kó má baà jọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn ọmọ Àyàn ò ka Shannon, wọn ò ka Carrington. Wọ́n kàn mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pàdánù lẹ́tà, àfi kó gùn kó tó lè yé èèyàn.

Bàtá akólòlò

Ẹ má rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà o. Bàtá, ìlù Ṣàngó àti ti egúngún, ò ní ọ̀sán tí onílù lè máa fún bó ṣe ń lù ú. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, ohùn kálukú sì dúró sójú kan. Onílù á fi ọwọ́ lásán lu ojú ńlá, á fi bílálà na ojú kékeré. Bó ṣe ń pa awọ ojú ńlá mọ́ tàbí tó ń tú u sílẹ̀, àti bó ṣe ń lu ojú méjèèjì pọ̀, ló fi ń wá ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn ò lè yọ̀ bíi ti dùndún, fífò ló ń fò. Nítorí náà làwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé bàtá ń kólòlò.

Àwọn onílù bàtá tún ní èdè àṣírí kan tí wọ́n ń pè ní ẹnà. Bí wọ́n ṣe ń lu awọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n lè fi ẹnu sọ ọ́, sílébù kan fún irú lílù kan, láàárín ara wọn, kí ẹlòmíràn máà gbọ́. Amanda Villepastour, olùwádìí orin, kọ odidi ìwé lórí rẹ̀ ní 2010. Àkọlé ìwé náà fi bàtá wé àtẹ̀jíṣẹ́ ayé àtijọ́. Nígbà tí a rí i, ara wa ló jọ pé ó ń bá wí.

Láti ààfin dé orí rédíò

Ní ààfin, onílù ló ń sọ fún ọba pé ẹni báyìí ń bọ̀. Kí àlejò tó dé ọ̀dọ̀ kábíyèsí, ìlù ti sọ orúkọ rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tí ètò wa fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn? A rò pé a ṣẹ̀dá nǹkan tuntun ni.

A ò sì ní sọ pé ẹ̀rọ ló ba ìlù jẹ́. Ìtàn ò gbè wá lẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ wo jùjú. Nígbà tí Túndé King àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin l'Ékòó láwọn ọdún 1930, báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti jùjú tí wọ́n ń gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ wọn. Orin inú pálọ̀ ni, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí gángan bá wọ àárín wọn, ta ló máa gbọ́ báńjò? Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti sípíkà wọ ọwọ́ àwọn olórin, ni àyè ṣí sílẹ̀. Ní 1948, ọdún kan náà tí Shannon tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, Àkànbí Ẹgẹ́ mú gángan wọ inú jùjú. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá oníná. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là dé ọ̀dọ̀ Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, tí àwo rẹ̀ "Juju Music" gbé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ káàkiri àgbáyé ní 1982. Ẹ̀rọ ló jẹ́ kí gìtá ga tó ìlù. Ẹ̀rọ ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó.

Rédíò náà gba ìlù lálejò. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, máa ń fi ìlù pe ara rẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń kéde orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni ìlù ń gbìyànjú láti sọ. Ẹ béèrè ohun tí àwọn ará Ìbàdàn gbọ́. Wọ́n ní ìlù ń béèrè pé ta ni yóò jọba bí Olúbàdàn bá wàjà! Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní dò, re, mí nínú ọ̀rọ̀ bíi tiwa, nítorí náà ohùn lásán ló dé etí wọn, etí sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a mu. Òwe wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà tí kò ní ohùn

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀dọ̀ tiwa wò, àwa ọmọ lẹ́tà.

Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ "Ìwé Ìròyìn" l'Ábẹ́òkúta. Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì àtàwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ìpàdé l'Ékòó kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Lára ohun tí ìran wọn fi sílẹ̀ fún wa ni ilà kékeré méjì tí a ń fi sórí lẹ́tà, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀. Àárín ò nílò ilà. Ẹ wò ó dáadáa, ìlù ni wọ́n gbé lé orí ìwé. Ohun tí ọ̀sán ń ṣe fún awọ ni ilà méjèèjì ń ṣe fún lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn la ti ń já ilà yẹn sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò fi bẹ́ẹ̀ ní in, ẹni tó ń kánjú ò ráyè rẹ̀. Lónìí, bí ẹnìkan bá kọ "oko" ránṣẹ́ sí yín, ṣé oko tí a fi ń dáko ni? Àbí ọkọ ìyàwó? Àbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè? Ọkọ̀ tí à ń wọ̀? Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun? A mọ̀ pé ó tún ku ẹyọ kan, ẹ jọ̀ọ́, a ò ní kọ ọ́ síbí.

Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Nínú Unicode, ìwé ńlá tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, "é" àwọn Faransé ní nọ́ńbà tirẹ̀, odidi kan. "Ẹ́" tiwa ò ní. Nọ́ńbà méjì ni a máa tò pọ̀: ẹ, lẹ́yìn náà àmì òkè. Nítorí náà ni àmì náà ṣe ń rá pálá lórí àwọn fóònù kan, tó ń fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ bí fìlà ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Unicode kọ́ ló sọ Àjàní di "Ajani" lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn. Àwa ni. Bàbá náà tàbí ọmọ rẹ̀ tẹ orúkọ náà tàmìtàmì, a rí i nínú àkọsílẹ̀ ètò lẹ́yìn náà. Ìlà kan ṣoṣo wà nínú ètò wa tó ń tú gbogbo lẹ́tà palẹ̀, tó ń da àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀ àti kíkán abẹ́ ẹ nù, kó tó tọ́jú orúkọ pamọ́. A fẹ́ kó rọrùn láti wá orúkọ ni. A tiẹ̀ pe iṣẹ́ tí ìlà náà ń ṣe ní "ìfọ̀mọ́". Àfi bí ẹni pé ìdọ̀tí ni àmì ohùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ìlù da lẹ́tà nù, ó gbé ohùn dání, ó sì fi gígùn oríkì san gbèsè ohun tó dà nù. Àwa da ohùn nù, a gbé lẹ́tà dání, a ò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. A tún ń gé ọ̀rọ̀ kúrú sí i ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kúbà

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò tó nǹkan, kó wo Kúbà. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú débẹ̀ ò gbé ìlù dání, inú orí ni wọ́n fi gbé e lọ. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ọmọ Kúbà, kọ ọ́ pé ní nǹkan bí 1830, ọkùnrin méjì tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, Añabí àti Atandá, ṣe bàtá àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà ní Havana. Iyá, itótele àti okónkolo ni wọ́n ń pe ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí dòní. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé e lé itan, wọ́n á fi ọwọ́ lásán lu ojú méjèèjì. Lílù òrìṣà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ ní pípé, wọ́n tọ́jú rẹ̀ láti baba dé ọmọ.

Ṣùgbọ́n ní ẹnu, èdè Spéènì borí. Lùkùmí tí wọ́n fi ń kọrin òrìṣà pàdánù dò, re, mí. Ìlù ṣì ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń sọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn tó lè sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ lílù náà ò pọ̀ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Oko ẹrú ló gba ohùn lẹ́nu wọn. Àwa tí a wà nílé, tí kò sí ẹni tó na pàṣán lé lórí, ìlà ètò kan la fi ṣe tiwa.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà

Nígbà tí àsè parí, a lọ kí bàbá onílù. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ wa dójú tì wá lónìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀rọ yín ò ṣẹ̀. Ẹ ò bi wọ́n ní ọmọ ta ni wọ́n."

A padà sí ìdí ètò wa. Orúkọ tí èèyàn bá tẹ̀ la ń tọ́jú báyìí, tàmìtàmì. Bí a bá fẹ́ èyí tí kò ní àmì kí wíwá lè rọrùn, a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ò fọwọ́ kan ojúlówó. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni. Ó ti yẹ ká ti ṣe é tipẹ́.

A tún fi àyè kan kún un: "Ọmọ ta ni yín? Ẹ kọ orílẹ̀ yín." Ọ̀rẹ́ wa kan lo ètò náà níbi ìsọmọlórúkọ. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn àlejò, àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa, fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. A fẹ́ máa dá wọn lẹ́bi, àfi ìgbà tí a bi ara wa. Nínú àwa mẹ́ta, ẹnìkan ò mọ tirẹ̀.

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójú wa. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orílẹ̀ wa?" Ìyá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan, ṣé ara rẹ̀ yá. Ó ní kò sí nǹkan, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. A tẹ ohùn náà sílẹ̀ lórí fóònù, nítorí a mọ̀ pé bí a bá ní ká kọ ọ́, ọwọ́ wa ò ní yá tó bẹ́ẹ̀.